Ìbòjú Tí Ó Ti Ìdálẹ̀ Dé: Kánífà Àwọn Àgùdà ní Etí Ọ̀sà Àgbádárìgì

Ní Gbẹ́rẹ̀fú, ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun ńlá, kànga kan wà tí a máa ń mú àlejò dé ìdí rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé, kí àwọn oníṣòwò ẹrú tó kó ẹrú wọ ọkọ̀ láyé àtijọ́, wọn a fún wọn ní omi kànga náà mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Bí omi náà bá ti ṣiṣẹ́ tó bí wọ́n ti wí ni, kì bá tí sí Àgùdà ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni kì bá tí sí ní Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú àwọn tí a ti kó lọ sí Bùràsíìlì àti Kúbà, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ọ̀hún, padà wá sí etí òkun yìí. Wọ́n mú orúkọ Potogí bọ̀, wọ́n mú ẹ̀sìn Kátólíìkì bọ̀, wọ́n sì mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà bọ̀. Wọ́n tún mú eré ìbòjú kan bọ̀, pẹ̀lú oúnjẹ ọdún tí ó ń bá a rìn.

Eré yìí ni àwọn ará Èkó ń pè ní Kàrẹ́tà tàbí Fàǹtí, òun náà ni àwọn ará Àjàṣẹ́ sì ń pè ní Bùríyàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé eré Òyìnbó lásán ni. Àwọn mìíràn ní egúngún àwọn onígbàgbọ́ ni. Èrò méjèèjì kù díẹ̀ káàtó. Bí a bá tọ ipasẹ̀ eré náà láti ilẹ̀ Yúróòpù dé Bàhíà, tí a sì tọ̀ ọ́ padà wá sí etí ọ̀sà, a óò rí i pé ìwé ìtàn ni, tí a fi aṣọ, ìlù àti ìkòkò ọbẹ̀ kọ. A óò sì rí i pé iṣẹ́ méjì ni ìwé náà ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ létí ohun kan, ó sì ń bo òmíràn mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà, kánífà, ti inú èdè àwọn ará Ítálì wá. Èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà ni pé mímú ẹran kúrò ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí ó ṣáájú Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni ọjọ́ rẹ̀. Láti Ọjọ́rú Eléérú títí di Ọdún Àjíǹde, ọmọ ìjọ kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹran ní ayé àtijọ́. Nítorí náà, kí ọjọ́ náà tó pé, wọn a jẹ àjẹyó, wọn a mu àmuyó, wọn a sì bọ́ sí ìgboro tìlù-tìfọn. Ìlú Fẹ́nísì ni òkìkí tirẹ̀ kàn jù. Níbẹ̀, ọlọ́lá a wọ ìbòjú, mẹ̀kúnnù a wọ ìbòjú, a kò sì ní mọ èwo ni ọmọ ọlọ́lá. Ọ̀kan nínú àwọn ìbòjú náà ni bauta: funfun ni, gbogbo ojú ni ó sì bò, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síwájú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ fi lè jẹun, kí ó sì sọ̀rọ̀, láìbọ́ ọ kúrò. Frittelle ni oúnjẹ ìgbà náà, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n ń dín nínú òróró bí a ti ń dín pọ́fù-pọ́fù. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni láti lo ọ̀rá àti ẹyin tán kí ààwẹ̀ tó wọlé. Nígbà tí ìjọba Fẹ́nísì wó ní 1797, àwọn aláṣẹ tuntun fòfin de ìbòjú, ó sì di 1979 kí ìlú náà tó tún gbé kánífà rẹ̀ dìde bí ó ti yẹ.

Ní Málítà, èyíinì ni Mélítà tí Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ pé ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù fọ́ sí, eré náà gbilẹ̀ ní ayé àwọn Ajagun Jòhánù Mímọ́, tí wọ́n tẹ̀dó sí erékùṣù náà ní 1530. Wọ́n ní ijó kan, parata, tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí ogun tí àwọn ará Tọ́kì gbé tì wọ́n ní 1565 tí wọn kò fi rí ilẹ̀ náà gbà. Prinjolata ni oúnjẹ ọjọ́ náà: àkàrà òyìnbó tí a tò gègèrè bí òkè kékeré, tí a fi ẹ̀pà igi páínì sí, tí a sì fi ohun dídùn funfun bò láti òkè délẹ̀. Ní Nadur, ní erékùṣù Gozo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn òṣèré a bo ojú, wọn a sì pa ẹnu mọ́, kí ohùn má baà tú wọn fó.

Ohun tí ó hàn nínú gbogbo èyí ni pé ènìyàn ni ó wà lábẹ́ ìbòjú Yúróòpù, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò mọ̀ ni ènìyàn wo ni. Ìbòjú náà ń fún un láàyè fún ọjọ́ díẹ̀ láti ṣe ohun tí ipò rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ṣe. Bí Ọjọ́rú Eléérú bá dé, kálukú a padà sí àyè rẹ̀.

Ní Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ ìbòjú kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn Ègùn tí wọ́n wà níbẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́ ní Zàngbétò. Òru ni zàn nínú èdè wọn; àwọn kan túmọ̀ orúkọ náà sí ará òru, àwọn mìíràn sì túmọ̀ rẹ̀ sí ọdẹ òru. Ó jọ òrùlé ahéré tí a fi ìko ṣe láti òkè délẹ̀, tí ó ń rìn, tí ó sì ń pòyì. Òun ni ó ń ṣọ́ ìlú nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Òun ni ó ń mú olè. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so ó mọ́ Tẹ̀ Agbànlìn tí ó tẹ Àjàṣẹ́ dó, pé irú ìmúra bẹ́ẹ̀ ni ó fi dẹ́rù ba àwọn tí ń lépa rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ sọ pé ènìyàn wà nínú Zàngbétò. Nígbà tí ó bá jó dé àyè kan, àwọn tí ń tẹ̀lé e a gbé e dojú dé, kí àwọn òǹwòran lè fi ojú ara wọn rí i pé inú rẹ̀ ṣófo. Bákan náà ni egúngún láàárín àwọn Yorùbá: ará ọ̀run ni a ń kí i, a kì í kí i bí ẹni tí ó ti inú yàrá jáde. Níbi tí ìbòjú Fẹ́nísì ti ń tú òfin sílẹ̀, òfin gan-an ni ìbòjú Zàngbétò.

Irú òye yìí ni àwọn tí a kó láti etí òkun wa gbé lọ sí Bàhíà. Tábà tí a ń gbìn ní Bàhíà ni àwọn oníṣòwò ibẹ̀ fi ń ra ènìyàn ní Wídà, ní Àjàṣẹ́, ní Àgbádárìgì àti ní Èkó, títí ọ̀nà omi tí ó wà láàárín ìhín àti ọ̀hún fi di ọ̀nà ọjà. Ní ọ̀hún, wọ́n bá eré àwọn Potogí pàdé. Wọ́n rí entrudo, kánífà ìgbà àtijọ́ tí àwọn ènìyàn fi ń da omi àti ìyẹ̀fun sí ara wọn lára. Wọ́n rí àwọn tí ń wọ careta, ọ̀rọ̀ Potogí tí ó túmọ̀ sí ojú tí a fún pọ̀ tàbí ìbòjú. Títí di òní, caretas a máa jáde ní ìlú Maragojipe ní ìgbà kánífà, àti ní Acupe ní oṣù keje ọdún. Wọ́n sì rí bumba-meu-boi, eré màlúù tí ó kú tí ó tún jí. Ìtàn inú rẹ̀ ni pé aboyún kan ń fẹ́ jẹ ahọ́n màlúù olówó ọkọ rẹ̀; ọkọ pa màlúù náà, ọ̀ràn sì dé, títí àwọn oníṣègùn fi jí ẹran náà dìde. Burrinha, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kékeré tí ènìyàn ń gbé sí ìdí bí ẹni tí ó gùn ún, jẹ́ ẹbí eré yìí. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé eré màlúù àti ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í ṣe eré kánífà ní Bàhíà. Ìgbà Kérésìmesì títí di Ọjọ́ Ìfarahàn ni ìgbà tiwọn.

Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, dìde ogun ní Salvador, olú-ìlú Bàhíà. Ọ̀tẹ̀ náà kò yọrí sí rere. Ìjọba lé àwọn kan kúrò ní ìlú, ìnira tí ó tẹ̀lé e sì mú kí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti ra ara wọn padà wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn relé. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun kọlu Èkó ní 1851, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ilẹ̀ tiwọn ní 1861, Èkó di ibi tí púpọ̀ nínú wọn ń forí lé. Wọ́n kọ́ ilé sí àdúgbò tí a ń pè ní Pópó Àgùdà, ní àyíká Gbàgede Campos. Nígbà tí Francesco Borghero, àlùfáà ọmọ Ítálì tí ó ti wà ní Wídà láti 1861, bẹ Èkó wò ní 1863, ó bá ìjọ Kátólíìkì tí kò ní àlùfáà níbẹ̀. Ẹni tí ń darí wọn ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba oyè àlùfáà rí. Kókó tí ó yẹ kí òpìtàn dì mú nìyí: àdúrà àwọn Àgùdà àti ayẹyẹ wọn ti wà kí Òyìnbó kankan tó wá kọ́ wọn. Ọmọ Ítálì ni ó wá bá wọn nídìí rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe eré náà tún jẹ́rìí sí èyí. Bí ó bá jẹ́ pé láti ọwọ́ àlùfáà Yúróòpù ni kánífà ti dé etí ọ̀sà, ọjọ́ tí ó ṣáájú Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni à bá máa ṣe é, bí wọ́n ti ń ṣe é ní Fẹ́nísì àti ní Málítà. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ìgbà Kérésìmesì, ọdún tuntun àti Àjíǹde ni Kàrẹ́tà ń jáde. Ní Àjàṣẹ́, oṣù kìíní ọdún ni ti Bùríyàn, ní ọdún Senhor do Bonfim, orúkọ Olúwa wa tí àwọn ará Salvador fẹ́ràn jù lọ. Kàlẹ́ńdà Bàhíà nìyí. Ohun tí a ń pè ní kánífà ní ìhín jẹ́ àpapọ̀ eré tí àwọn ẹrú àti àwọn òmìnira fúnra wọn ṣà jọ, tí wọ́n sì dì sínú ẹrù wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é tún yẹ fún àkíyèsí. Ní Èkó, Kàrẹ́tà ni ẹni tí ó wọ ìbòjú, Bóì sì ni màlúù. Sámbà, ìlù onígun mẹ́rin tí a fi awọ bo ojú kan rẹ̀, ni wọ́n fi ń gbè é. Ìlù yìí kan náà ni ó wọ inú orin aṣíkò lẹ́yìn náà. Kò pẹ́ tí eré náà fi kọjá Pópó Àgùdà. Láfíàjí, Òkè Pópó, Ẹpẹ́tẹ̀dó, àti Olówógbowó tí í ṣe àdúgbò àwọn Sàró, kálukú wọn dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ àti àsíá. Ní Àjàṣẹ́ àti ní Wídà, màlúù, ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó ń jáde nínú Bùríyàn, pẹ̀lú ère obìnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Mamãe Gigante, èyíinì ni Ìyá Òmìrán. Kò sí ẹni tí a fi òfin dè pé kí ó má sọ pé ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ọmọdé a máa pe Kàrẹ́tà ní orúkọ bàbá rẹ̀. Nípa báyìí, àwọn ará etí ọ̀sà mọ ìyàtọ̀ dáadáa: egúngún wà ní àyè egúngún, Zàngbétò wà ní àyè Zàngbétò, Kàrẹ́tà náà sì wà ní àyè tirẹ̀. Kò jẹ́ òfin bíi ti Zàngbétò, kò sì jẹ́ ìtúsílẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin bíi ti Fẹ́nísì. Ìdílé ni ó ń fi hàn. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ ń sọ fún ìlú pé, Àgùdà ni mí, ẹ mọ ibi tí àwọn baba mi gbà kí wọ́n tó dé ìhín.

Ìdàkejì ọ̀rọ̀ yìí wà ní Bàhíà. Lẹ́yìn tí Bùràsíìlì fòpin sí oko ẹrú ní 1888, àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ dá àwọn ẹgbẹ́ kánífà bíi Pândegos da África sílẹ̀, wọ́n múra bí ọba àti ìjòyè ilẹ̀ wa, títí ìjọba fi fòfin de irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 1905. Ní 1974, a dá òmíràn sílẹ̀ ní Salvador tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Ilê Aiyê, ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́ńbélé. Ní ọ̀hún, kánífà ni wọ́n fi ń sọ pé ọmọ Áfíríkà ni àwọn. Ní ìhín, òun ni wọ́n fi ń sọ pé ará Bùràsíìlì ni àwọn.

Oúnjẹ wọn ń sọ irú ìtàn kan náà. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, kò sí ilé Àgùdà ní Èkó tí kì í se fùréjọ̀n láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ilé sì ń sè é títí di ìsinsìnyí. A óò se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀ wọ̀ọ̀. A óò lọ̀ ọ́, a óò sẹ́ ẹ. A óò rin àgbọn, a óò fún oje rẹ̀ sí i. A óò fi ṣúgà sí i, a óò sì máa rò ó lórí iná títí yóò fi ki. Ọbẹ̀ ata àti ẹja ni a fi ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú gàárì. Ẹran kì í sí níbẹ̀. Feijão, orúkọ tí àwọn Potogí ń pe ẹ̀wà, ni ó di fùréjọ̀n lẹ́nu àwọn ará Èkó. Ní Bàhíà, feijão de leite, ẹ̀wà olóje àgbọn tí a fi ṣúgà sí, ṣì jẹ́ oúnjẹ Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ títí di òní. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà: ní Fẹ́nísì àti Málítà, oúnjẹ àjẹkẹ́yìn kí ààwẹ̀ tó dé ni oúnjẹ òkìkí; lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà, oúnjẹ ààwẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n sì ń bù ú fún aládùúgbò, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ mìíràn. Àgbọn tí ó kún etí òkun Àgbádárìgì lónìí, àwọn Potogí ni wọ́n mú un dé ìhà ibí ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàárì, ilẹ̀ Bùràsíìlì ni ó ti wá. Nínú abọ́ fùréjọ̀n kan ṣoṣo, ìrìn àjò òkun ti pé sílé.

Títí dé ìhín, ohun tí Kàrẹ́tà ń rán ènìyàn létí ni a ti ń sọ. Ó ku ohun tí ó ń bò mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí a tà nìkan ni ó ń jẹ́ Àgùdà. Francisco Félix de Souza, ọmọ Bàhíà tí ó di Cháchà ní Wídà tí ó sì kú ní 1849, oníṣòwò ẹrú ńlá ni. Àgùdà ni àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ní Àgbádárìgì, ìtàn Seriki Williams Abass tilẹ̀ díjú ju èyí lọ. Wọ́n ní ọmọdé ni ó wà nígbà tí a mú un lẹ́rú, pé ó dé Bùràsíìlì, kí ó tó padà wá di oníṣòwò ẹrú àti olóyè pàtàkì. Ó kú ní 1919, ọgbà tí a ń kó ẹrú sí ní ilé rẹ̀ sì ti di ibi tí a ń mú ọmọ ilé-ìwé lọ wò. Nínú Bùríyàn ti Àjàṣẹ́ àti ti Wídà, àti ọmọ ẹni tí ó tà, àti ọmọ ẹni tí a tà, ìlù kan náà ni wọ́n ń jó sí. Wọ́n jọ ń kọrin Potogí, wọ́n jọ ń jẹ feijoada lẹ́yìn ìsìn Bonfim, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn. Ìbòjú náà bo ojú àwọn méjèèjì, ó sì sọ wọ́n di ẹ̀yà kan.

A kò gbọdọ̀ fi ojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ yìí. Bí àwọn tí ó padà bá ti ń bi ara wọn léèrè lójoojúmọ́ pé ta ni ó ta bàbá ta ni, ṣé wọn ì bá lè jọ gbé àdúgbò kan? Àlàáfíà ni wọ́n fi ìbòjú rà. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ra àlàáfíà kì í tán nílẹ̀. Òpìtàn tí ó bá wo Bùríyàn tí kò rí ju ayọ̀ lọ, ìdajì ni ó kà.

Ẹnubodè tún pín ìwé náà sí méjì. Àgbádárìgì bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1863. Àjàṣẹ́ di ti àwọn Faransé. Ìwé àdéhùn tí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ sí ní 1889 sì la ilẹ̀ àwọn Ègùn já. Láti ìgbà náà, àwọn tí ń kọ̀wé lórí Kàrẹ́tà ń kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ń kọ̀wé lórí Bùríyàn sì ń kọ ọ́ ní èdè Faransé, bí ẹni pé kì í ṣe ọ̀sà kan náà ni ó so Èkó pọ̀ mọ́ Àjàṣẹ́, tí Àgbádárìgì sì wà ní agbede-méjì. Láti 2010, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ti gbé kánífà ńlá kalẹ̀ ní ìgbà Àjíǹde, tí ìyẹ́ àti aṣọ olówó iyebíye rẹ̀ ń fa èrò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ kò lè sọ fún ọmọdé ìdí tí fùréjọ̀n kì í fi ní ẹran, kò sì lè sọ ìdí tí màlúù fi ń jó ní Pópó Àgùdà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ orin Bùríyàn kò gbọ́ èdè Potogí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ mọ́. Orin náà ti di ohùn tí a jogún láìjogún ìtumọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá àti Ègùn, tí kò sì ní dúró ní Sẹ̀mẹ̀: kí ó gba orin sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní ìhà méjèèjì, kí ó bèèrè bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ, kí ó sì fi sùúrù bèèrè irú ẹni tí baba ńlá kálukú jẹ́ kí ó tó wọ ìbòjú. Omi kànga Gbẹ́rẹ̀fú kò mú kí wọ́n gbàgbé ilé. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbàgbé lẹ́yìn tí wọ́n dé ilé ni ó kù tí a kò tíì kọ.